Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Dúró ní Oríta

Ọkùnrin kan wà tó ra alùpùpù tuntun, tó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi alùpùpù rìnrìn àjò fún ìgbádùn. Má rẹ́rìn-ín. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Lọ́dọọdún, tí iṣu bá ti wọlé, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti mú kí ojú ọ̀nà le, àwọn ọkùnrin mọ́kànlá á di ẹrù wọn, wọ́n á dé akoto, wọ́n á sì gba ọ̀nà òkè jáde nílùú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n máa ń fi la àárín àwọn òkè kọjá. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dàn, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ojú rẹ á máa rí màlúù tó ṣì jìnnà sí ọ ní ibùsọ̀ méjì. Wọn kì í gbé èrò, wọn kì í sì í tajà. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á sì yíjú padà. Àwọn ìyàwó wọn ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí, kí àgbàlagbà máa dáná sun epo láti lọ síbi tí kò ní ohunkóhun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. 

Ẹgbẹ́ yìí ní òfin kan. Orí òfin náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Èèyàn mọ́kànlá kò lè jọ rìn pọ̀ lójú ọ̀nà olókè. Eruku ẹni iwájú á bo ẹni ẹ̀yìn lójú, eré ẹnì kan á ju ti ẹnì kejì lọ, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi tú ká. Nítorí náà ẹnì kan máa ń ṣáájú, òun ni wọ́n ń pè ní Adarí. Ẹnì kan sì máa ń kẹ́yìn, òun ni wọ́n ń pè ní Ìrù. Mẹkáníìkì ni Ìrù, gbogbo irinṣẹ́ ló sì wà lẹ́yìn máṣíìnì rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá kú, ẹni tó bá ṣubú, ẹni tí inú bá ń run, Ìrù ni yóò bá a níbẹ̀.

Adarí nìkan ló mọ ọ̀nà. Tí wọ́n bá dé oríta, Adarí á yà síbi tí wọ́n ń lọ, ẹni tó tẹ̀ lé e gan-an á sì dúró. Á gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí Adarí gbà, á dúró tì í, kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí i, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n máa yà sí. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí Ìrù yóò fi dé. Ẹni yòówù kó sọ pé ó tó, kò tíì tó. Ìrù nìkan ló lè tú u sílẹ̀.

Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n kò dùn. Ẹni tó wà ní ipò kejì ló ń dúró, nígbà tó bá sì fi máa kúrò, gbogbo ẹgbẹ́ ti kọjá lójú ẹ̀, ó ti di ẹni kẹwàá. Àwọn tó ń kọjá kò sì ní ṣàánú rẹ̀. Wọ́n á máa na ọwọ́ sí i, wọ́n á máa kí i pé, "Ọba oríta, ẹ kú ìdúró o."

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí kò fẹ́ ìdúró yẹn rárá, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìlú tí wọ́n ń lọ lọ́dún náà, ní àárín ọ̀dàn, ìlú ìyàwó rẹ̀ ni. Bàbá ìyàwó rẹ̀ kò kà á sí èèyàn. Nígbà tó wá tọrọ ọmọ, bàbá náà fún un lọ́mọ, ṣùgbọ́n kò fún un ní àga. Orí àpótí ìdáná ló jókòó sí, tòun ti agbádá, títí wọ́n fi gbàdúrà tán. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó wá ránṣẹ́ ṣáájú pé kí wọ́n jáde síta ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, kí wọ́n máa wo bí ẹgbẹ́ àwọn yóò ṣe wọlé, pé ẹ̀yìn Adarí gan-an ni wọn yóò ti rí òun. Tìtorí ìyẹn nìkan ló ṣe bá wọn lọ. Ìtìjú ọdún mẹ́sàn-án ló fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan fọ̀ dànù.

Bí wọ́n ṣe bọ́ sáàárín òkè, ó wá ọgbọ́n kan dá. Tó bá ti fojú tó oríta níwájú, á rọra dín eré kù, ẹlòmíràn á bọ́ sí ipò kejì láìfura. Ẹni yẹn ni Adarí yóò dá dúró. Tí wọ́n bá ti kọjá oríta tán, ọkùnrin náà á tún sáré wá gba ipò rẹ̀. Oríta mẹ́rin ló fi ọgbọ́n yìí kọjá, nínú kùrukùru àárọ̀, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ mọ́ ara àpáta bí ìwérí. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé kò sí ẹni tó rí òun, ṣùgbọ́n Adarí ní díńgí méjì lórí máṣíìnì rẹ̀, ó sì ń wò wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dàn. Koríko ibẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ, ó sì ti gbẹ. Wọ́n ti rin nǹkan bí wákàtí mẹ́ta kí oríta kan tó yọ sí wọn lójijì láàárín koríko náà, tí ọkùnrin wa kò fi ráyè fà sẹ́yìn. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Ti ọ̀tún lọ sí ìlú. Ti òsì lọ sí odò kan tí afárá rẹ̀ ti wó láti ọdún méjì, kò sì sí abúlé kan lójú ọ̀nà náà. Ikán ti jẹ pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí. Màlúù ti fi pátákò wọn tú ojú ọ̀nà méjèèjì, tó fi jẹ́ pé, ká sọ tòótọ́, ti òsì ló jọ ọ̀nà gidi. Igi máńgòrò kan ṣoṣo ló dúró ní apá ọ̀tún.

Adarí dúró, ó sì pè é. Ó ní, "Ìwọ, dúró síhìn-ín. Pa táàpù epo rẹ, oòrùn mú, kí epo má baà máa jò ṣòfò."

Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ fún un, ó sọ ti àpótí ìdáná, ó ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró lẹ́ẹ̀kan yìí péré. Adarí ní oríta mẹ́rin ni ẹlòmíràn ti dúró fún un. Ó fẹsẹ̀ ta máṣíìnì rẹ̀, ó sì lọ. Ọkùnrin náà fi ìbínú pa táàpù epo, ìyẹn irin kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún epo láti táńkì bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ó sì dúró.

Àwọn yòókù ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń na ọwọ́, wọ́n ń kí ọba oríta kú ìdúró, wọ́n sì ń yà sí ọ̀tún. Ẹni méje kọjá. Ó ku ẹni méjì. Ìkíní ni bàbá kan tó dàgbà jù nínú wọn, olóríkunkun arúgbó kan tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ pé kó ta máṣíìnì rẹ̀ fún ẹlòmíràn kó lọ fẹ̀yìn tì, tó sì ti kọ etí dídi sí wọn. Èkejì ni Ìrù, tí kò ní ṣáájú bàbá náà láéláé.

Ó dúró fún wákàtí kan. Ó dúró fún wákàtí méjì. Fóònù rẹ̀ kò rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kankan gbà. Ó ń ro ti àwọn àna rẹ̀ tí wọ́n ti jáde síta, tí wọ́n ti rí Adarí, tí wọ́n ti rí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ ẹ̀rín náà létí.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó fi máṣíìnì gbé àpò èédú dé láti ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn gbà wá. Ọkùnrin wa dá a dúró. Ó bi í bóyá ó pàdé bàbá arúgbó kan àti mẹkáníìkì kan lọ́nà. Ẹlẹ́èédú ní láti òwúrọ̀ tí òun ti wà lójú ọ̀nà yẹn, òun kò rí alùpùpù méjì kankan. Ó ní bóyá wọ́n ti kọjá nígbà tó ń sùn. Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin wa ń wá. Kò sùn, ó mọ̀ pé òun kò sùn. Ṣùgbọ́n ó rántí pé òun wọ inú koríko lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ìgbà yẹn ni wọ́n kọjá. O mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe é, tí a bá ti fẹ́ ṣe nǹkan tán kí a tó wá ìdí fún un. Ó dé akoto rẹ̀, ó ta máṣíìnì, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbéra. Ó fi oríta sílẹ̀.

Kò rìn jìnnà. Epo díẹ̀ tó kù nínú ẹ́ńjìnnì gbé e dé ìwọ̀n ìkángun oko kan sí èkejì, máṣíìnì náà húkọ́, ó sì kú. Ó fi ẹsẹ̀ ta á, kò dáhùn. Ó ta á, ó ta á, òógùn bò ó. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó nù ún, ó dá a padà. Kò rántí táàpù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Ẹni tó ti pẹ́ lórí máṣíìnì ni ìyẹn kọ́kọ́ máa ń wá sí lọ́kàn, máṣíìnì tirẹ̀ kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin. Oòrùn ń sun ún lórí. Kò sí ibòji kankan nítòsí bí kò ṣe ti igi máńgòrò ní oríta. Bó ṣe di ọwọ́ máṣíìnì mú nìyẹn, tó ń tì í padà, tó ń ṣépè fún Adarí, fún ẹlẹ́èédú, fún ẹni tó tà á fún un. Ó dé abẹ́ igi, ó tún tú púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ sórí koríko, ó nù ún, ó dá a padà, kò gbọ́. Ó jókòó. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àárín omijé yẹn ló ti gbọ́ ìró máṣíìnì.

Ìrù ló ń bọ̀, òun nìkan, eré tó sì ń sá kì í ṣe eré rẹ̀. Bàbá arúgbó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi aṣọ dì í mọ́ra bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, orí bàbá náà sì ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó sọ. Bàbá fẹ́ yàgbẹ́. Àwọn yòókù á ṣe é létí ọ̀nà, ṣùgbọ́n bàbá yìí ní àgbàlagbà bíi tòun kò ní lóṣòó níbi tí ojú ẹlòmíràn ti lè tó òun. Ó rìn wọ inú koríko, ó sì tẹ paramọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, ejò náà sì bù ú ṣán. Ìrù ti alùpùpù bàbá wọ inú koríko, ó gbé bàbá lọ sí ahéré kan nínú oko, ó rò pé òun yóò rí ọkọ̀ níbẹ̀. Kò rí ọkọ̀, àsìkò sì ti lọ. Nígbà tí wọ́n wà nínú oko yẹn ni ẹlẹ́èédú kọjá, ìdí nìyẹn tí kò fi rí wọn.

Bí ọkùnrin wa ṣe rí wọn, ó fò dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́. Ìrù sọ lẹ́yìn náà pé ọwọ́ òun ti ń yí sí òsì, pé ọ̀nà òsì ló jọ ọ̀nà lójú òun, kí òun tó rí èèyàn tó dìde lábẹ́ igi ní apá ọ̀tún.

Ó dúró, ó wo ilẹ̀, ó wo máṣíìnì ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí táàpù epo. Ó ní, "Ta á." Ọkùnrin náà ta á, ó sì dáhùn. Ó ní, "Ṣáájú mi. Má gbé ọwọ́ kúrò lórí fèrè."

Báyìí ni ọkùnrin wa ṣe wọ ìlú àna rẹ̀. Kò sí Adarí níwájú rẹ̀. Ó ń fọn fèrè bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ewúrẹ́ ń sá, adìẹ ń fò, ó sì kọjá ẹnu ọ̀nà bàbá ìyàwó rẹ̀ láì wò ó. Ó ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú akoto rẹ̀ pé kí bàbá yẹn má kú, torí ó ti yé e pé bí máṣíìnì òun bá ti gbọ́ ni, ọ̀nà odò ni àwọn méjèèjì ìbá wà ní wákàtí yẹn.

Ọsibítù kékeré kan wà nílùú náà, wọ́n sì ní abẹ́rẹ́ ejò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò béèrè ìbéèrè púpọ̀. Ó gún abẹ́rẹ́, ó fa omi sí bàbá lára, ó sì ní kí gbogbo wọn jáde. Wọ́n jókòó síta, ẹni mẹ́wàá. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì jáde. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn níbi tí ejò ti bù ú ṣán ti dáwọ́ dúró. Ó ní bàbá ti la ojú, pé ó ń bú àwọn pé wọn kò fún òun lóúnjẹ. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ń sunkún mọ́ ọn. Ara wọn tú. Nọ́ọ̀sì ní ká ní wọ́n fi wákàtí kan pẹ́ sí i ni, òkú ni òun ìbá gbà.

Adarí dìde níbẹ̀, níṣojú àwọn ará ìlú tí wọ́n ti pé jọ, bàbá ìyàwó ọkùnrin náà sì wà láàárín wọn. Ó ní kí gbogbo èèyàn wo ọkùnrin yìí dáadáa. Ó ní òun fi í sí oríta, ó dúró nínú oòrùn, ebi pa á, ẹlẹ́èédú tó wọ ìlú ní òun sọ fún un pé bóyá àwọn tó ń retí ti kọjá, síbẹ̀ kò lọ. Ó ní irú ọmọ yẹn ni kí èèyàn máa fi ọmọ rẹ̀ fún. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan létí, wọ́n sáré wọlé, wọ́n sì gbé àga jáde, àga onítìmùtìmù, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀.

Ohun tó ti ń wá láti ọdún mẹ́sàn-án ló dé iwájú rẹ̀ yìí. Jíjókòó nìkan ló kù. Kò jókòó. Ó di ẹ̀yìn àga náà mú, ó sì sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ má yìn mí. Mo ti lọ. Máṣíìnì ló kọ̀ fún mi, oòrùn ló dá mi padà sábẹ́ igi. Ká ní ó gbọ́ ni, wọn ò ní bá mi níbẹ̀, bàbá á sì ti kú."

 Kò sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kóun wò. Ìrù ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí ipa táyà rẹ níbi tó ti lọ, mo rí ipa ẹsẹ̀ rẹ níbi tí o ti tì í padà. Táàpù tí o pa ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkàn rẹ ni mò ń wá ní oríta. Èèyàn ni mò ń wá níbẹ̀, mo sì rí i."

Adarí náà yíjú sí ọkùnrin wa. Ó ní, "Ti òní, Ọlọ́run ló bá ọ dúró. Nígbà tá a bá ń padà, ìwọ ni yóò dúró."

Bàbá ìyàwó rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Ó kàn fi ọwọ́ lu ìtìmùtìmù àga náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí ọkọ ọmọ òun jókòó, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin wa sì jókòó. Ó ní láti ìgbà tóun ti dáyé, òun kò tíì jókòó síbi tó tù òun lára tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n gbéra padà. Ní oríta ẹsẹ̀ òkè, Adarí na ìka sí ọkùnrin wa, òun náà sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pa táàpù rẹ̀, ó mọ̀ pé òun pa á. Epo wà ní táńkì. Òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan dé, ó tutù wọnú egungun. Àwọn yòókù kọjá, wọ́n kí i kú ìdúró. Máṣíìnì rẹ̀ yóò gbọ́ ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó bá fi ta á. Kò ta á. Ó tó wákàtí kan kí Ìrù tó yọ, kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó yìn ín. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé pé òun ti dúró ní oríta. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti gbọ́, pé òun gbọ́ ti ọ̀dàn. Ó ní rárá, ti ẹsẹ̀ òkè ni òun ń sọ.

Ó tán. Ìwọ ló kàn, Tíṣà.

Ọdún kejìlá rẹ nìyí ní ilé ìwé orí òkè yìí. Àwọn tíṣà yòókù ti lọ, ìwọ nìkan lo kù, àwọn òbí sì fẹ́ pè ọ́ jáde ní Sátidé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé ìfẹ́ àwọn ọmọ wọn ló dá ọ dúró. O wá bá mi lálẹ́ àná, o ní o kò lè lọ jókòó síbẹ̀. O ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ọ kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ́fíìsì kọ̀ fún ọ, pé ká ní wọ́n gbà, o ti lọ tipẹ́. O ní alágàbàgebè ni ọ́. O sì fi lẹ́tà tó dé lọ́sẹ̀ yìí hàn mí, pé wọ́n ti gbà báyìí, pé o lè máa lọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ojú ń tì ọ́. Ó dára, jẹ́ kó tì ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó sọ ọ́ di òmùgọ̀. Àwọn ọmọ tí o kọ́ ní ìwé kíkà, ṣé lẹ́tà tí o kọ sí ọ́fíìsì ni wọ́n kà? Èyí tó ń ka oògùn fún ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣé ó ń ṣì í kà nítorí pé inú ń bí ọ lọ́jọ́ tí o kọ́ ọ? Wọ́n wá sílé ìwé láàárọ̀, wọ́n sì bá èèyàn níbẹ̀.

Bí o bá sì fẹ́ jiyàn, sún mọ́ mi kí o wo ẹsẹ̀ òsì mi. Wo ojú àpá náà dáadáa. Èmi ni olóríkunkun arúgbó tó lọ yàgbẹ́ nínú koríko. Ọkùnrin tó ti fi mí sílẹ̀ lọ ló gbà mí là. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, mo ti rí ọmọ ọmọ mẹ́rin láti ìgbà náà, mò ń jẹ, mò ń mu, mo sì jókòó níwájú rẹ. Tíṣà, ṣé ààbọ̀ ni mo yè ni?

Nítorí náà, lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Sọ òtítọ́ náà fún wọn, má jẹ́ kó gùn, torí ebi á ti máa pa àwọn èèyàn. Tí o bá sọ ọ́ tán, tí wọ́n bá ṣì ní kí o jókòó, jókòó, kí ara tù ọ́. Ní ti lẹ́tà náà, mi ò ní bá ọ pinnu. Bí o bá lọ, a ó sìn ọ́ dé ìsàlẹ̀ òkè, a ó gbé ẹrù rẹ, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n tí a bá gbọ́ aago ilé ìwé láàárọ̀ Mọ́ńdè, a ó mọ̀ pé o dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlá, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n.